Kíkọ́ Ẹ̀rọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Fìdí Rẹmi

Ládùúgbò tí mo dàgbà sí, ilé géèmù ni wọ́n ti máa ń wá ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́ tí kò tètè dé. Yàrá kan ṣoṣo ni: tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta mẹ́rin, bẹ́ǹṣì onípákó, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìnkùlé, àti agbo àwọn ọmọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹ̀rọ. Ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó, ẹni tó bá borí á jókòó síbẹ̀ de ẹlòmíràn. Ìyá tó bá ká ọmọ rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ kì í bèèrè ọ̀rọ̀ kó tó fa etí. Èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n fà létí jáde. Nígbà tí mo wá dé yunifásítì, tí mo sọ nílé pé iṣẹ́ àtiṣe géèmù ni mo fẹ́ kọ́, bàbá mi dákẹ́ títí, wọ́n wá ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni àwọn ń sanwó lé lórí o. Ìyá mi ní tiwọn bèèrè bóyá báńkì máa ń gba irú àwọn bẹ́ẹ̀ síṣẹ́.

N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ń ta géèmù bí ẹni ń ta ayò ni wọ́n mọ̀. Wọn ò tíì rí ẹni tó ń ṣe é. Àwa gan-an tí à ń lé iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta dáadáa ni yóò mọ̀ ọ́n ṣe. Irọ́ ńlá ni. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí kò sẹ́ni tó lè nà án ní bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ ní gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Ọjọ́ tó ní kí òun náà gbé tòun kalẹ̀, géèmù tí òun nìkan lè ta ló ṣe.

Ní yunifásítì tí mo wà, kò sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi géèmù gboyè. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni a jókòó tì: bí a ṣe ń to dátà, bí ẹ̀rọ ṣe ń pín iṣẹ́ fún ara rẹ̀, ìṣirò lóríṣiríṣi. Àwọn ẹ̀kọ́ náà wúlò ju bí a ṣe ń fẹnu tẹ́ wọn lọ. Mátíríìsì tí a há sórí nítorí ìdánwò, tí a ò mọ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe, òun náà ló ń mú kí ènìyàn inú géèmù yíjú sọ́tùn-ún nígbà tí o bá tẹ bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ kankan tó kọ́ wa ní ohun tó ń mú kí èèyàn fẹ́ ta nǹkan lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń kọ kóòdù ń sọ fún ẹ̀rọ ohun tí yóò ṣe. Ayàwòrán ń fún un lójú àti àwọ̀, ẹlòmíràn ń wá ìró. Ẹni tí mo fẹ́ dà ni ẹni tó ń ṣòfin: kí ni ẹni tó ń ta lè ṣe, kí ni kò gbọdọ̀ ṣe, kí ni yóò pàdánù bó bá ṣi ọwọ́ ta, báwo ni yóò sì ṣe mọ̀ pé òun ṣi ọwọ́ ta kí inú tó bí i. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń ṣe gbogbo èyí. Ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́, orí ẹnì kan ṣoṣo ló ń já lé.

Ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022 ló sọ púpọ̀ nínú wa di ohun tí a dà. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn kan lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, àwọn kan ń wa máàrúwá, àwọn kan ń ta dátà. Mi ò tíì pẹ́ nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Mo jókòó ti láàpútọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan tí wọ́n rà fún mi ní Computer Village ní Ìkẹjà, mo ń wo àwọn tó ń kọ́ni lórí YouTube títí dátà á fi tán. Bátìrì rẹ̀ kì í gbé e ju wákàtí kan lọ. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí owó epo ò sì sí, ìwé àti bírò ló kù. Mo máa ń gé páálí sí wẹ́wẹ́, mo máa ń fi ìdérí ìgò mínírà ṣe ènìyàn, mo á ní kí àbúrò mi wá bá mi ta á. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó gbóná nínú iṣẹ́ yìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí iná kì í ti í lọ. Òfin tí kò bá dùn lórí páálí, àwòrán aláràbarà kò ní sọ ọ́ di adùn.

Unity ni irinṣẹ́ àtiṣe géèmù tí gbogbo ayé ń lò nígbà náà, òun náà ni mo kọ́kọ́ gbé. Gígábáìtì mélòó kan ló máa ń jẹ kó tó délẹ̀, ẹni tó ń fi dátà ara rẹ̀ gbé e wálẹ̀ ló mọ bó ṣe ń rí lára. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ilé iṣẹ́ tó ni ín kéde pé àwọn yóò máa gba owó lórí iye ìgbà tí wọ́n bá gbé géèmù sórí ẹ̀rọ. Ariwo ta káàkiri ayé. Wọ́n tún un sọ, ọ̀gá wọn fipò sílẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá, ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìkéde ni wọ́n sì tó fagi lé owó náà pátápátá. Ká sòótọ́, owó yẹn kò lè dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pa kọ́bọ̀. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi hàn wá ni pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni à ń kọ́lé sí. Mo kó lọ sí Godot, irinṣẹ́ tí àwọn ọmọ Ajẹntínà méjì, Juan Linietsky àti Ariel Manzur, bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 2014. Kò tó mẹ́gábáìtì 200. Láàpútọ́ọ̀pù mi kò kérora mọ́.

Nígbà tó kan iṣẹ́ àkànṣe àṣegboyè, olùkọ́ tó ń bójú tó tèmi fẹ́ kí n ṣe èyí tí gbogbo èèyàn ń ṣe: ètò ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ìkàwé, tàbí èyí tó ń ṣírò ẹni tó wá sí kíláàsì. Mo ní géèmù ayò ọlọ́pọ́n lórí fóònù ni mo fẹ́ ṣe. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ìṣòro wo nìyẹn fẹ́ yanjú láwùjọ?” Mo ní ó fẹ́ dáàbò bo àṣà wa, wọ́n sì buwọ́ lù ú. Orí kìíní nínú ìwé náà kún fún bí àṣà ṣe ń parun. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí wọ́n ń fẹ́ẹ́ kà nìyẹn. Ayò kò retí kí èmi wá gbà á là. Níwájú ìsọ̀ káfíńtà tó wà lẹ́bàá ilé wa, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ta á, èrò sì máa ń yí wọn ká. Èmi ni mo nílò ayò, nítorí pé n kò tíì rí ohun mìíràn tí òfin rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó. Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. O kó ọmọ inú ilé rẹ kan, o ń pín in lọ́kọ̀ọ̀kan yípo. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sí ilé ẹnì kejì tó sì sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ mọ ìdí tó fi jẹ́ mẹ́rin, mo yí i padà nínú kóòdù sí mẹ́ta, mo ní kí ẹ̀rọ máa bá ara rẹ̀ ta. Ó yá jù, ó sì gbẹ. Kò sí ẹni tó rí àyè kó ọmọ jọ láti fi dẹ pàkúté. Mo sọ ọ́ di mẹ́fà, ó ń falẹ̀ bí ìpàdé onílé àti ayálégbé. Àwọn tó pinnu mẹ́rin ti ṣe iṣẹ́ yìí tán kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà.

Àwọn òfin kan wà tí ẹnu kì í sọ, nítorí pé ojú lásán ti tó láàárín àwọn tó ń ta á. Tí ọmọ bá tán nílé ẹnì kejì, o gbọ́dọ̀ ta ọ̀nà tí yóò fi rí nǹkan gbà, bí ọ̀nà bá wà. Ìyẹn ò le fún ẹ̀rọ. Ìparí ayò ló le. Nígbà tí ọmọ bá ti ku díẹ̀ lórí ọpọ́n, ọ̀kan lè máa lé èkejì yípo láìsí ẹni tó máa jẹ nǹkan. Àwọn bàbá tó jókòó níwájú ìsọ̀ káfíńtà á wo ara wọn, ọ̀kan á ní “Ó tó,” oníkálukú á kó èyí tó wà nílé rẹ̀, ó parí. Ẹ̀rọ kò mọ “Ó tó.” Bí o kò bá sọ fún un, yóò máa ta á títí bátìrì á fi kú. Ohun tí mo ṣe ni pé kó máa rántí bí ọpọ́n ṣe rí lẹ́yìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá tún rí gẹ́gẹ́ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, kó dáwọ́ dúró, kó pín in. Kóòdù ìlà díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n níwájú ìsọ̀ káfíńtà ni mo ti rí i, n kò rí i nínú ìwé kankan.

Bí géèmù náà ṣe ṣe é ta tán, mo gbé e tọ bàbá kan lọ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Òfin tó le jù nínú iṣẹ́ wa ni ti kí o jókòó ti ẹni tó ń dán an wò kí o sì pa ẹnu mọ́. O kò gbọdọ̀ ní “Ẹ tẹ ibí, bàbá.” Nígbà tí géèmù bá dé ilé onílé, ìwọ kọ́ ni yóò wà níbẹ̀ láti ṣàlàyé. Mo pa ẹnu mọ́. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ ilé kejì, ilé kẹta ló dá wọn lóhùn. Wọ́n tún un tẹ̀, ó tún ṣi wọ́n gbọ́. Àwọn tó ṣe Android ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí èèyàn yóò fọwọ́ tẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré ju nǹkan bíi mìlímítà 9 lọ, mo sì ti kà á. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò ẹni tó fi ọwọ́ mú irin fún ọ̀pọ̀ ọdún ju ti ẹni tó kọ ìlànà náà lọ. Mo fẹ àwọn ilé náà sí i.

Ọ̀ràn kejì ló gba ọgbọ́n: báwo ló ṣe yẹ kí ẹ̀rọ mọ ayò ta tó? Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ 144 yanjú awari, tí òun àti ayò wa jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Wọ́n yẹ gbogbo bí ọpọ́n ṣe lè rí wò, ó ju bílíọ̀nù 889 lọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣi ọwọ́ ta rárá, ọ̀mì ni. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá ẹni tí kì í ṣi ọwọ́ ta jókòó? Láàpútọ́ọ̀pù mi lásán, tí mo bá ní kó wo ọwọ́ mélòó kan síwájú, ó ń na gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì wa, wọ́n sì ń pa géèmù náà tì lẹ́yìn ọpọ́n kejì. Iṣẹ́ mi wá di kíkọ́ ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń fìdí rẹmi.

Ọ̀nà tó yá jù, tó sì kún inú àwọn fídíò tí à ń wò, ni kí ẹ̀rọ máa ṣèèṣì: nínú ọwọ́ mẹ́wàá, kó ta méje bó ṣe yẹ, kó ta mẹ́ta bí ẹni tí kò ríran. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é tí mo fi gbé e fún bàbá. Wọ́n ta á, wọ́n ń borí, inú mi ń dùn. Lójijì wọ́n gbé fóònù sílẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, nǹkan yìí mọ̀ọ́mọ̀ ń fi sílẹ̀ fún mi ni. Ṣé ọmọdé ni mí?”

“Rárá o, bàbá. Ẹ má bínú. Kí lẹ rí?”

“Ẹni tó ta ọwọ́ tó ta ṣìkejì yẹn kò lè ta eléyìí. Òpè kì í ta ìtakúta. Òpè ń ronú; ìtòsí ló ń wò ni.”

Mo ti ka oríṣiríṣi àlàyé nípa bí a ṣe ń dín agbára ẹ̀rọ kù, èmi ò rí èyí tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ yọ gbogbo àṣìṣe àfọwọ́fà náà kúrò. Dípò rẹ̀, mo dín ibi tí ojú ẹ̀rọ ń dé kù: ti òpè, ọwọ́ kan péré ló ń wò síwájú, ibi tó ti lè jẹ nísinsìnyí, ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ta díẹ̀ ń wo ohun tí ẹnì kejì lè fi dá a lóhùn, ọ̀ta ń wò jìnnà. Kò sí ìtakúta mọ́. Bàbá ṣì ń na òpè, ṣùgbọ́n wọn ò bínú sí i mọ́. Wọ́n ń kọ́ ọ bí ẹni kọ́ ọmọ aráalé.

Ní ti owó, ìbéèrè ìyá mi ṣì wà nílẹ̀. Ìtàn tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ fún ara wa ni ti Eric Barone, ará Amẹ́ríkà tó dá ṣe géèmù Stardew Valley: kóòdù, àwòrán, orin, gbogbo rẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́rin kó tó gbé e jáde ní 2016, ó sì ti tà ju mílíọ̀nù 40 lọ. A máa ń jẹ́rìí rẹ̀ bí ẹni jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí a kì í sọ ni pé obìnrin tó ń fẹ́ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ bùkátà lákòókò yẹn, Barone náà sì ń ṣe iṣẹ́ abọ́ọ̀dé nílé eré kan ní Seattle. Iná kì í lọ nílùú yẹn bíi tiwa.

Nítòsí, àpẹẹrẹ wà. Ọdún 2012 ni Hugo Obi dá ilé iṣẹ́ Maliyo sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ṣe géèmù nípa ẹ̀fọn àti ọ̀kadà. Ọdún kan náà ni Kuluya bẹ̀rẹ̀, àti Gamsole ti Abíọ́lá Ọláníran, ẹni tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Orí fóònù Windows ni Gamsole ti rí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn tó gba géèmù wọn, kí Microsoft tó pa fóònù náà tì. Maliyo ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́: ní 2024, nígbà tí Disney gbé Iwájú jáde, eré àwòrán tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Èkó, àwọn ni wọ́n ṣe géèmù oúnjẹ sísè tó bá a rìn. Wọ́n tún gbé ètò GameUp Africa kalẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Mo mọ àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn kan ríṣẹ́, àwọn kan ti ń ṣe wẹ́ẹ̀bù fún oníbàárà nítorí ìyẹn ń sanwó lóṣooṣù. N kò lè bú wọn.

Kékeré ni ohun tó máa ń dá èèyàn dúró. Dọ́là 25 ni Google ń gbà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o tó lè gbé géèmù sí orí Play Store. Ní 2022, kì í ṣe báńkì kan, kì í ṣe báńkì méjì, wọ́n ní dọ́là 20 ni èèyàn lè fi káàdì náírà ná lóṣù. Nígbà tó yá, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tí kò ní mọ̀lẹ́bí lókè òkun ń fowó gba ọwọ́ àwọn tó ń ta káàdì dọ́là. Dọ́là 25 tó jẹ́ bíi ẹgbẹ̀rún 11 náírà ní 2022 ti lé ní ẹgbẹ̀rún 37 ní 2024. Láti ìparí ọdún 2023, Google tún ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì wá èèyàn 20 tí yóò dán géèmù rẹ̀ wò fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́dúró kó tó jáde. Wọ́n ti dín in kù sí 12 báyìí. Lójú mi, èrò tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é: a ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, gbé tèmi kí n gbé tìẹ. Gbogbo ẹni tó ń dán an wò ló ń kọ kóòdù. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á tì í, wọ́n á ní “Ó dáa, bọ̀ọ́sì.” Èèyàn 12 wọ̀nyẹn pa pọ̀ kò tó bàbá kan ṣoṣo níwájú ìsọ̀ káfíńtà.

Ẹjọ́ kan sì kù tí bàbá yìí pè fún géèmù mi, tí n kò tíì yanjú. Wọ́n ní ó dákẹ́ jù. “Mo jẹ ẹ́ ní mẹ́fà, kò fọhùn. Ó jẹ mí, kò bú mi. Ta ló ń ta ayò bẹ́ẹ̀?” Òótọ́ ni. Nídìí ọpọ́n, ìdajì ìgbádùn ni yẹ̀yẹ́: ẹni tó borí ń pe ara rẹ̀ lọ́ta, ó ń pe ẹnì kejì lópè, àwọn òǹwòran ń fi epo síná. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sójú fóònù, ṣùgbọ́n èébú tí wọ́n kọ sílẹ̀ kì í ta èèyàn. Ohùn ló yẹ kó jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ pọ̀, nítorí yẹ̀yẹ́ tí èèyàn bá gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ti di ariwo. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó jáde, kó má lọ máa bú ẹni tí kò ì tíì ta nǹkan kan. Mo gba ohùn àwọn ọ̀rẹ́ mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì sílẹ̀. Ó dún bí ẹni ń ka ìròyìn.

Ni mo bá padà lọ bẹ bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n gba ohùn tiwọn àti ti àwọn ọ̀rẹ́ wọn sílẹ̀, kí èébú wọn di ti ẹ̀rọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá bèèrè bóyá mo máa fi géèmù yìí pawó tó bá yá. Mo ní tí Ọlọ́run bá gbà. Wọ́n ní kò burú, èló wá ni èébú kọ̀ọ̀kan? Mo pe iye kan, wọ́n ní òpè ni mí. A ṣì ń dúnàádúrà.